Páàtì tọ́bò àlòkù: Kí ló dé tí onímọ́tò ní Ìlá àti Ìgbómìnà Ọ̀ṣun fi ń ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì?

Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dé ibi òkè ní agbègbè Òkè-Ìlá, tó ń bú ramúramù ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ lọ, tí èéfín dúdú sì bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí onímọ́tò sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì ni pé tọ́bò ti lọ. Ìrìnàjò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó di Òṣogbo, ó di Ìbàdàn, ó di Ládìípọ̀ l'Ékòó. Owó tọ́bò àlòkù jáde, owó iṣẹ́ jáde, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n bá sì fi gbogbo rẹ̀ sí i tán, ọkọ̀ náà tún lè máa ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, tọ́bò gan-an kọ́ ló ní àrùn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń darí rẹ̀ ni, èyí tí òmíràn nínú wọn kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ̀rọ yìí náà wà lọ́jà ní àlòkù, wọ́n ń tà á, wọ́n ń rà á lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tà á àti bí wọ́n ṣe ń rà á ti di ohun tó ń pa onímọ́tò lówó, tó ń ba orúkọ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ jẹ́, tó sì ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn olè. Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan lọ.

Kí ni ohun tí wọ́n ń tà yìí gan-an?

Tọ́bò kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland kan tó ń jẹ́ Alfred Büchi ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní 1905. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le láti lóye. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì ló ń yí fáànù kékeré kan. Fáànù yẹn ń yí èkejì tó wà lórí ọ̀pá kan náà, èkejì yìí ló sì ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo tí ẹ́ńjìnì lè jó á pọ̀ sí i, agbára náà á sì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnì kékeré tó ní tọ́bò fi lè fa ẹrù tó yẹ kí ẹ́ńjìnì ńlá fà. Ọ̀pá inú tọ́bò yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó bá lágbára tó báyìí gbọ́dọ̀ ní ìjánu. Ẹ wò ó báyìí: táyà ọkọ̀ kékeré sábà máa ń gba afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bí 32 psi. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọ inú ẹ́ńjìnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tó ń lo bẹntiróò kì í sábà ju 7 sí 15 psi lọ. Tó bá kọjá ibi tí ilé iṣẹ́ fi sí, ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í nọ́ọ̀kì, ó sì lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Tí kò bá tó, ọkọ̀ á wúwo bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ.

Ìjánu yìí ní oríṣiríṣi. Nínú Passat, Golf àti Audi A4 tó ń lo ẹ́ńjìnì 1.8 oní-tọ́bò, fáàfù kékeré kan tó ń fi iná ṣiṣẹ́ ni, N75 ni wọ́n ń pè é. Nínú Hilux àti Prado tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì D-4D, mọ́tò kékeré kan wà lára tọ́bò fúnra rẹ̀ tó ń ṣí i tó sì ń tì í. Àwọn bọ́ọ̀sì Sprinter kan náà ní àpótí dúdú kan tí wọ́n de mọ́ ara tọ́bò, tí wáyà sì wọ inú rẹ̀. Brain box ọkọ̀ ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ó ń ka bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó, ó ń wo bí wọ́n ṣe tẹ ìtẹ̀ epo tó, ó sì ń sọ fún ìjánu náà pé kó fà tàbí kó dẹ̀.

Oríṣi kan tún wà tí àwọn tó fẹ́ràn eré sísá máa ń rà lọ́tọ̀ láti fi kún agbára ọkọ̀ wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi HKS àti GReddy ní Japan, àti Turbosmart ní Australia, ló ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré ìdíje nìyẹn. Ó ṣọ̀wọ́n ká rí onímọ́tò ní Ìgbómìnà tó dìídì lọ ra á. Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ló ń dà á láàmú.

Kí ló lé gbogbo ènìyàn lọ sí àlòkù?

Ìdáhùn tó kúrú jù ni owó náírà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo tí kò tó ₦200 ti kọjá ₦500. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún náà, ó ti di ₦617 láwọn ibì kan. Ní oṣù Kẹfà, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní bíi ₦460 ní ilé ìfowópamọ́ ṣáájú ìgbà náà kọjá ₦1,500 nínú ọdún 2024. Kò sì tíì padà sí ibi tó wà látìgbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e yẹ̀ wò. Páàtì tó bá jẹ́ $200 lókè òkun jẹ́ ₦92,000 nígbà tí dọ́là wà ní ₦460. Nígbà tí dọ́là di ₦1,500, páàtì kan náà di ₦300,000, kí ẹnikẹ́ni tó fi owó kọ́sítọ́ọ̀mù, owó ọkọ̀ òkun àti èrè tiẹ̀ lé e. Iye tí awakọ̀ ń gbà lọ́wọ́ èrò láti Ìlá sí Òṣogbo ti lọ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo ló ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ kó kòkó, obì, epo pupa tàbí pákó kò lè dá owó páàtì tuntun lé oníbàárà lórí lójijì. Àlòkù ló kù fún un.

Ọ̀rọ̀ àlòkù kì í sì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UNEP, gbé ìròyìn jáde ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ilẹ̀ Áfíríkà sì gba nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Tòkunbọ̀ tí à ń wà ní Ìlá lónìí wà lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti gbó níbi tó ti wá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àwọn ẹ̀rọ kéékèèké inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kú.

Ọ̀nà wo ni páàtì ń gbà dé Ìlá?

Oríṣun mẹ́ta ló wà. Èkínní ni àwọn ọkọ̀ tó ti kú tí wọ́n ń tú pálapàla lókè òkun, tí wọ́n sì ń fi kọ̀ǹténà kó wá. Èyí ni ọlọ́jà máa ń pè ní Belgium, ì báà jẹ́ Jámánì tàbí Amẹ́ríkà ló ti wá. Èkejì ni ọkọ̀ tó ti ń rìn ní Nàìjíríà, bóyá ó ní jàǹbá, bóyá ẹ́ńjìnì rẹ̀ kú, tí olówó rẹ̀ tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n jí.

Páàtì láti oríṣun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí máa ń pàdé lórí káńtà kan náà. Ọjà Ládìípọ̀ ní Múṣin, ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, àti Nnewi ní ìpínlẹ̀ Anambra ni àwọn ojúkò ńlá tí gbogbo ilẹ̀ mọ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kéékèèké ń gbà á wá sí Òṣogbo, tí mẹkáníìkì láti Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà fi ń rí i rà. Bí páàtì bá fi máa dé Ìlá, ó ti gba ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá. Kò sí ẹni tó kẹ́yìn tó lè sọ pé ibi báyìí ló ti wá.

Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó àdéhùn Basel fún ilẹ̀ Áfíríkà tó wà n'Ìbàdàn ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi ohun kan hàn. Wọ́n ní nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún kan, inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ sì ni bí ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀ ń wà nígbà tó bá ń wọlé. Tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti irú wọn ni ìwádìí náà dá lé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan páàtì ọkọ̀ náà: ohun tó bá fara pamọ́ sínú ohun mìíràn wọlé, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Irin yàtọ̀ sí ohun oníná

Ibí yìí gan-an ni gbùngbùn ọ̀rọ̀ wà. Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti ń ra àlòkù, ọjà náà sì ní àṣà tiẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ ra gíà àlòkù, á yí i, á gbọ́ bó ṣe ń dún, á wo eyín rẹ̀. Bó bá jẹ́ tọ́bò, á fi ọwọ́ mì ọ̀pá inú rẹ̀ bóyá ó ń jó, á wo abẹ́ fáànù bóyá epo ti rọ́ síbẹ̀. Ojú àti ọwọ́ mẹkáníìkì ni ìdánilójú tí oníbàárà ní. Àṣà yẹn bá irin mu.

Ohun oníná kò gba irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Fáàfù N75 tó ti kú àti èyí tó yè jọ ara wọn bí ìbejì. Àpótí tó ń darí tọ́bò lè mọ́ tónítóní lóde, kí eyín kékeré inú rẹ̀ ti jẹ, tàbí kí pátákó iná inú rẹ̀ ti sun. Ẹlòmíràn tilẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tó bá tutù, tó bá gbóná lẹ́yìn ìrìn ogójì ìṣẹ́jú, á dákẹ́. Kò sí ojú tó lè rí ìyẹn lórí káńtà.

Ọlọ́jà mọ èyí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, òfin ibẹ̀ ni pé bí ohun oníná bá ti jáde, kò sí ìdápadà. Ẹ má tètè pè é ní ìkà. Òun náà ń bẹ̀rù pé kí oníbàárà má lọ fi páàtì sínú ọkọ̀ tí wáyà rẹ̀ ti kan ara wọn, kó jó o, kó sì gbé òkú rẹ̀ padà wá. Ẹlòmíràn á gbé èyí tó dára lọ, á sì fi ti inú ọkọ̀ tiẹ̀ tó ti bàjẹ́ rọ́pò nígbà tó bá ń dá a padà. Ìyẹn ló fà á tí àwọn ọlọ́jà fi ń fi ọ̀dà sàmì sí ara páàtì wọn.

Nítorí náà, ọlọ́jà kò gbẹ́kẹ̀ lé oníbàárà, oníbàárà kò sì ní ohun tó fi lè yẹ ọjà wò. Gbogbo ewu wá bọ́ sórí ẹni tó kẹ́yìn, ẹni yẹn sì ni onímọ́tò. Èyí tó ń gbé ní Èkó lè padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la kó lọ pariwo. Èyí tó wá láti Ìlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò owó ọkọ̀ àti odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ wọn á kàn fa ọ̀rọ̀ náà mì, wọ́n á sì lọ ra òmíràn. Bí ẹnìkan ṣe ń ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Brain box tí ọwọ́ olè ti kàn

Láti ọdún mélòó kan wá, ìròyìn jíjí brain box ti di ohun tí kò ṣàjèjì mọ́ ní Èkó àti Àbújá. Toyota ni wọ́n ń jí tiẹ̀ jù, nítorí pé òun ló pọ̀ jù lójú pópó, oníbàárà rẹ̀ sì pọ̀. Onímọ́tò á jí láàárọ̀, á fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ọkọ̀ ò ní dáhùn. Àwọn kan ti lọ bá àwọn wẹ́dà pé kí wọ́n fi irin ṣe àgò yí brain box wọn ká.

Ẹni tó ń jí i mọ̀ pé ẹni tó máa rà á wà. Láyé àtijọ́, wọ́n ní kì í ṣe ẹni tó gbé epo lájà nìkan ló jalè, ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un náà jalè. Òfin Criminal Code sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Abala 427 rẹ̀ ní ẹni tó bá gba ohun tí wọ́n jí, tó sì mọ̀ pé wọ́n jí i, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Olè fúnra rẹ̀, bó bá jẹ́ olè jíjà lásán, ọdún mẹ́ta ni òfin náà là sílẹ̀ fún un. Àwọn tó ṣe òfin mọ̀ pé bí kò bá sí olùrà, olè á wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra àlòkù bi ara rẹ̀ ni èyí: bí páàtì yìí bá dínwó tó báyìí, tí kò ní rìsíìtì, tí ẹni tó ń tà á kò sì ní ṣọ́ọ̀bù, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọlọ́pàá tó bá bi mí?

Kí ni òfin sọ lórí ọjà àlòkù?

Òfin wà. Òfin tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ní ẹni tó ń ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní ọlọ́jà gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Ìyẹn ni pé rìsíìtì kì í ṣe ojúrere, ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó ń ra páàtì ló ń béèrè fún un? Púpọ̀ ló ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹni tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n sì ń gba páàtì lọ́wọ́ awakọ̀ ní gáréèjì.

Ní ẹnubodè pẹ̀lú, òfin kò ṣàìsí. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígba orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé láti òkèèrè. Láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020 ni ẹnubodè wà ní títì. Àjọ ECOWAS náà fẹnu kò ní 2020 pé kí ọkọ̀ kékeré tó máa wọ agbègbè yìí má ṣe ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, wọ́n sì fún àwọn orílẹ̀-èdè ní àkókò láti fi múra sílẹ̀. Àbájáde rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn. Ọkọ̀ ọmọ ọdún márùn-ún ti ga ju ọwọ́ ọ̀pọ̀ lọ, àwọn ọkọ̀ àgbà tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe, wọ́n ń tún ún ṣe. Bí òfin bá ṣe le tó lórí ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjà páàtì àlòkù ń gbòòrò sí i.

Ilẹ̀ England àti Wales fi ọ̀nà mìíràn yanjú tiwọn. Lábẹ́ òfin àwọn tó ń ra irin àlòkù tí wọ́n ṣe ní 2013, ẹni tó bá ń ra àlòkù irin tàbí tó ń tú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Kò gbọ́dọ̀ fi owó ọwọ́ san irin tó bá rà, ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ń tà á, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kò sọ pé kí wọ́n má tú ọkọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí orúkọ wà lára ohun tí wọ́n bá tú. Àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó wà ní London tí wọ́n ń ra páàtì ránṣẹ́ sílé mọ̀ pé rìsíìtì kì í ṣe ìjà níbẹ̀.

Ṣé kí wọ́n fòfin de àlòkù ni?

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé òun ló dára jù. Wọ́n ní ilẹ̀ wa ti di ààtàn fún àwọn òyìnbó, páàtì àlòkù sì ń fa jàǹbá. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú. Ìjọba ti fi táyà àlòkù, fíríìjì àlòkù àti kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ àlòkù sí ara ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ kó wọlé. Síbẹ̀, ẹni tó bá dé ọjà á rí i pé wọn kò tíì tán níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fòfin dè tí ènìyàn sì nílò máa ń lọ sí abẹ́lẹ̀. Níbi tó bá wà lábẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ á ga sí i, ẹ̀rí nípa ibi tó ti wá á sì pòórá pátápátá.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, àlòkù ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ ìlú kéékèèké máa rìn. Bí Hilux kan bá dúró sí Òkè-Ìlá fún oṣù méjì nítorí páàtì, àgbẹ̀ tó ń fi kó ẹrù, ọmọ tí owó ilé ìwé rẹ̀ wà lórí ẹrù yẹn, àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó yẹ kó rí ọkọ̀ yẹn tún ṣe, gbogbo wọn ló ń dúró. Páàtì tó yè láti inú ọkọ̀ tó kú kò yẹ kó di ìdọ̀tí. Wàhálà tó wà nílẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń dúró fún un.

Ohun tí onímọ́tò lè ṣe kó tó sanwó

Àkọ́kọ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe scan ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé tọ́bò ti kú. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ní ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ yìí bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń lo bẹntiróò ní Yúróòpù láti 2001. Tí ẹ̀rọ bá kọ P0299, ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ tọ́bò kò tó. Tó bá kọ P0234, ó ń sọ pé ó pọ̀ jù. P0243 ń tọ́ka sí fáàfù oníná tó ń darí rẹ̀ tàbí wáyà tó lọ síbẹ̀. Nọ́ńbà wọ̀nyí kì í ṣe ìdájọ́ o. Wọ́n kàn ń sọ ibi tó yẹ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wò ni.

Èkejì, kí wọ́n wo àwọn rọ́bà kéékèèké tó so tọ́bò mọ́ fáàfù, àti rọ́bà ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Oòrùn àti ooru ẹ́ńjìnì máa ń jẹ́ kí wọ́n sán. Rọ́bà tó sán lè mú ọkọ̀ ṣe bí ẹni pé tọ́bò rẹ̀ ti kú, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tọ́bò. Kí wọ́n sì pe rìwáyà tó mọṣẹ́ kó yẹ wáyà wò, nítorí páàtì tó dára tí wọ́n bá fi sórí wáyà tó ti bó yóò kú bí ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta, kí nọ́ńbà ara páàtì tí wọ́n fẹ́ rà bá ti inú ọkọ̀ mu, títí dé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Páàtì méjì lè jọra lóde kí iṣẹ́ wọn má jọra. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà náà kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ̀kẹrin kan brain box ní pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ oní-chip kì í gba brain box ọkọ̀ mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n tún un kọ kó lè mọ kọ́kọ́rọ́ náà. Kí onímọ́tò béèrè iye tí wọ́n máa gbà fún ìyẹn kó tó rà á. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò tíì pẹ́ jù, nọ́ńbà ṣáṣí, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wà nínú brain box náà, ẹ̀rọ scan sì lè kà á jáde. Tí ẹni tó ń tà á bá ní ọkọ̀ tó ní jàǹbá ni wọ́n ti yọ ọ́, kó mú ìwé ọkọ̀ náà wá kí wọ́n fi nọ́ńbà méjèèjì wéra.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n gba rìsíìtì tó ní orúkọ ọlọ́jà, ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, nọ́ńbà ara páàtì, àti iye ọjọ́ tó fún wọn láti fi dán an wò. Ọlọ́jà tó bá gbà láti kọ ọjọ́ mẹ́ta péré sílẹ̀ dára ju ẹni tó ń fi ẹnu búra pé kò sí wàhálà lọ. Bí wọ́n bá ní àǹfààní àtifi páàtì náà sínú ọkọ̀ níwájú ọlọ́jà, kí wọ́n wà á títí yóò fi gbóná dáadáa.

Kí ló kù fún ẹgbẹ́ àti ìjọba?

Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, NATA, ní ẹ̀ka káàkiri ilẹ̀ yìí, àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì sì mọ ara wọn láti Ìlá dé Ọ̀rà. Bí ẹgbẹ́ bá pinnu pé kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kankan tó máa fi brain box tí kò ní rìsíìtì sínú ọkọ̀, ọjà olè á dín kù lágbègbè náà láìsí pé wọ́n dúró de ọlọ́pàá. Ìwé kan lásán tó, níbi tí wọ́n á ti máa kọ nọ́ńbà páàtì, ẹni tó tà á àti ọkọ̀ tó wọ̀. Ẹgbẹ́ tún lè dáwó jọ ra ẹ̀rọ scan tó lágbára kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á máa lò, kí ó má jẹ́ pé ẹni kọ̀ọ̀kan ń fi etí gbọ́ àrùn ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló le jù níbẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lónìí máa bá ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ju irin lọ pàdé. Ọ̀gá rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ nígbà tó jẹ́ pé kábúrétọ̀ ni wọ́n ń tú. Pólì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Ìrèé, kò jìnnà sí Ìgbómìnà rárá. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá àti Ìfẹ́dáyọ̀ lè bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní ìmọ̀ iná ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún. Owó ńlá kọ́ ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí ẹnìkan kọ́kọ́ kọ lẹ́tà.

Náírà lè lágbára sí i, ó sì lè má lágbára. Ní báyìí ná, ọkọ̀ àgbà ló pọ̀ lójú ọ̀nà wa, àlòkù ni wọ́n á sì máa fi tún wọn ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Onímọ́tò tó bá béèrè rìsíìtì lè pàdánù páàtì olówó pọ́ọ́kú kan lónìí. Ẹni tí kò bá béèrè ló ń fi owó tiẹ̀ gbọ́ bùkátà olè tó máa wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ẹlòmíràn lóru ọ̀la, ọkọ̀ yẹn sì lè jẹ́ tiẹ̀.